Kẹ́ẹ̀gì Orí Òkìtì

Òórùn ló kọ́kọ́ pàdé wọn lẹ́nu ọ̀nà ààtàn. Kì í ṣe irú èyí tí ènìyàn ń fi ọwọ́ bo imú sí. Ó gba ẹnu wọlé, ó jókòó sórí ahọ́n bí àlejò tí kò mọ ìgbà tó yẹ kó dìde. Obìnrin ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ tó ṣáájú dúró, imú rẹ̀ ká jọ. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pè é ní Yínmú ní àgọ́ ọlọ́pàá. Bí nǹkan bá ń rí i lára, ojú rẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ sọ ọ́.

"Bàbá Sájẹ́ǹtì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ pa bisikíìtì yẹn mọ́."

Sájẹ́ǹtì, àgbà ọkùnrin oníkùn rọ̀ǹbọ̀tọ̀, tún gé díẹ̀ jẹ sí i. "Ọ̀gá mi, láti àárọ̀ ni mi ò tíì fi nǹkan kan ẹnu."

"Ẹ̀yin lè jẹun níwájú ìdin?"

"Ìdin ń jẹ tiẹ̀, èmi náà ń jẹ tèmi. A ò bára wa jà."

Òkìtì pàǹtírí kan wà níwájú wọn tí àwọn ọlọ́pàá ti fi okùn yí ká. Inú bíìnì háyà kan ṣoṣo ni gbogbo rẹ̀ ti jáde láàárọ̀ ọjọ́ náà, bíìnì onírin ńlá tí ọkọ̀ máa ń gbé wá sẹ́nu ọ̀nà ẹni tó bá fẹ́ palẹ̀ ilé mọ́, tí yóò sì padà wá gbé e nígbà tó bá kún. Góńgó orí òkìtì yìí ni wọ́n ti rí kẹ́ẹ̀gì funfun kan tí wọ́n ti ya bébà ara rẹ̀ dànù. Obìnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, tó máa ń ṣa irin sọ́tọ̀ àti pákó sọ́tọ̀, ló gun òkìtì lọ láti gbé e kúrò, torí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ kò gbọdọ̀ wà nínú bíìnì. Ìdérí rẹ̀ ti sán. Bó ṣe gbé e sókè báyìí, ohun tó wà nínú rẹ̀ tú sí i lójú àti lẹ́nu, ó sì ti gbé e mì kó tó lè pariwo.

Fóònù Yínmú dún. Dókítà tó ń tọ́jú obìnrin náà ni.

"Màdáámù, ẹ bá mi wá orúkọ ohun tó wà nínú kẹ́ẹ̀gì yẹn, ẹ ṣe kíá. Mo mọ̀ pé májèlé oko ni, mi ò mọ irú èyí tó jẹ́. Bó bá jẹ́ oògùn kòkòrò ni, afẹ́fẹ́ tí a fi sí i nímú yìí ló gbé ẹ̀mí rẹ̀ ró. Bí mo bá yọ ọ́, ó lọ nìyẹn. Ṣùgbọ́n oògùn kan wà tí wọ́n fi ń pa koríko. Bó bá jẹ́ òun ni, afẹ́fẹ́ yìí gan-an ló ń sun ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀."

"Ilé àyẹ̀wò ńkọ́?"

"Kí ilé àyẹ̀wò tó fèsì, ọ̀sẹ̀ á ti parí. Obìnrin yìí kò ní ọ̀sẹ̀ kan."

Yínmú di aṣọ mọ́ imú, ó kọjá okùn. Fìríìjì kan ti ya lẹ́gbẹ̀ẹ́ láàárín òkìtì náà. Ẹran inú rẹ̀ ti di ọ̀rá àwọ̀ ewé, ó sì ti ṣàn lé àpótí aṣọ kan lórí. Ìdin ń yọ́ rìn nínú rẹ̀ bí ìrẹsì tó fẹ́ dìde. Ó wá ibi tí kẹ́ẹ̀gì ti wà. Mátírẹ́ẹ̀sì àtijọ́ kan ló wà lábẹ́ rẹ̀, tí ìtọ̀ àti òógùn aláìsàn ti yà ní àwòrán.  

"Ọ̀rọ̀ yìí kò le," Sájẹ́ǹtì ké sí i láti ẹ̀yìn okùn. "Ohun tó bá wà lókè ni wọ́n jù síbẹ̀ kẹ́yìn. Ẹ jẹ́ ká wá ẹni tó débẹ̀ kẹ́yìn."

*

Obìnrin tó háyà bíìnì náà jẹ́ tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì. Ilé àbúrò rẹ̀ tó kú ló ń palẹ̀ mọ́. Yàrá ti ṣófo. Àmì ibi tí àwọn àga ti wà tẹ́lẹ̀ nìkan ló kù lára ilẹ̀.

"Mo ka ohun tí wọ́n kọ sára bíìnì yẹn o," ló wí kí wọ́n tó jókòó. "Mo kà á sétí àwọn òṣìṣẹ́ tó bá mi kẹ́rù. Pákó, aṣọ, bébà, bíríkì fífọ́, ó lè wọlé. Táyà, bátìrì, ọ̀dà, gáàsì, májèlé, kò gbọdọ̀ wọlé. Èmi tí mo kọ́ ọmọ ọlọ́mọ níwèé, ṣé n ò ní lè ka ara bíìnì?"

"Ẹ fo ọ̀kan, mà."

"Èwo?"

"Fìríìjì."

Tíṣà gbé ojú sá fún un. Ó tún ìró rẹ̀ tó ti dúró dáadáa ró. "Fìríìjì wo?"

"Èyí tí ẹ fi téèpù dì lẹ́nu, tí ẹ wá gbé àpótí aṣọ lé lórí kí awakọ̀ má baà rí i. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ọ̀dọ̀ rẹ̀ bọ̀, mà. Òun náà kí yín."

Sájẹ́ǹtì fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó fi ikọ́ bò ó.

"Ọmọ mi, ojú ló tì mí," ni tíṣà wí. Ohùn rẹ̀ ti rẹlẹ̀. "Wọ́n ti já iná ilé kí n tó dé. Mo ṣí i lẹ́ẹ̀kan péré. Mi ò tíì lè jẹ ẹran láti ọjọ́ náà. Ta ni mo fẹ́ pè pé kó wá wo ohun tí àbúrò mi fi sílẹ̀ sáyé? Ṣùgbọ́n kẹ́ẹ̀gì, rárá. Mi ò rí kẹ́ẹ̀gì nínú ilé yìí."

"Kí ni ẹ kọ́kọ́ jù sínú bíìnì?"

"Mátírẹ́ẹ̀sì tó kú lé lórí. Mi ò fẹ́ kó tún sùn mọ́jú nínú ilé. Bí bíìnì ṣe balẹ̀ báyìí, awakọ̀ ò tíì tú ṣéènì, mo bẹ̀ ẹ́ pé kó bá mi gbé e. Èmi àti ẹ̀ jọ tì í kọjá etí bíìnì ni."

"Ẹ wo inú bíìnì kí ẹ tó jù ú sí i?"

"Wo bí mo ṣe ga mọ. Etí bíìnì yẹn ga jù mí lọ. Ta ló ń wo inú bíìnì òfìfo?"

Yínmú kọ ọ́ sílẹ̀. "Àwọn ará àdúgbò ńkọ́? Wọ́n bá yín da nǹkan sí i?"

Tíṣà pòṣé. "Ẹ lọ bi mẹkáníìkì òdìkejì. Bí bíìnì bá ti dé àdúgbò yìí, ojú rẹ̀ máa ń wà lára rẹ̀ bí ojú ológbò lára ẹja."

*

Mẹkáníìkì wà lábẹ́ ọkọ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ nìkan ló yọ síta. Ó gbọ́ ọ̀rọ̀ bíìnì, ẹsẹ̀ náà sì wọlé.

"Jáde," ni Yínmú wí. "Mi ò ní bá bàtà sọ̀rọ̀."

Ó jáde. Girísì kùn ún dé etí. "Mi ò mọ nǹkan kan nípa bíìnì o, màdáámù. Mo fi àwọn ọmọ mi búra."

"Ọmọ mélòó lo bí?"

Ó yún orí. "Mi ò tíì bímọ, mà."

"Sájẹ́ǹtì, ẹ mú un."

"Ẹ dúró ná! Táyà ni. Táyà mẹ́rin àti bátìrì méjì péré. Ibo ni kí n kó o sí? Àwọn tó ń gba bátìrì ògbólógbòó jìnnà, bíìnì sì wà nítòsí."

"Ìgbà wo lo kó o síbẹ̀?"

"Láàárọ̀ yìí. Ọkọ̀ tó wá gbé e ti ń fi ẹ̀yìn rìn bọ̀. Mo sáré da gbogbo rẹ̀ sí i lórí, mo sá lọ. Bí wọ́n ṣe fi àwọ̀n bò ó nìyẹn."

"Kò sí ẹni tó tún débẹ̀ lẹ́yìn rẹ?"

"Kò sí. Èmi ni mo débẹ̀ kẹ́yìn."

Sájẹ́ǹtì ti ń tú ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀. "Ó ti parí! Ẹnu ara rẹ̀ ló fi sọ ọ́ pé òun ló kẹ́yìn. Irú májèlé oko wo lo rọ sínú kẹ́ẹ̀gì yẹn, ọmọkùnrin yìí? Sọ orúkọ rẹ̀! Ènìyàn ń kú lọ!"

"Kẹ́ẹ̀gì wo?" Omi bọ́ lójú mẹkáníìkì. "Bàbá, mi ò ní oko, mi ò ní ọgbà. Kòkòrò kan ṣoṣo tó wà lọ́dọ̀ mi, èmi gan-an ni."

Yínmú ti mú ọ̀nà ọkọ̀ pọ̀n. "Ẹ fi í sílẹ̀. Níbo ni táyà rẹ̀ wà nínú òkìtì yẹn, Bàbá Sájẹ́ǹtì?"

"Táyà?"

"Bó bá jẹ́ pé òun ló kẹ́yìn, tí ohun tó kẹ́yìn sì máa ń wà lókè, ó yẹ kí táyà mẹ́rin ti kọ lù wá níwájú. Mi ò rí ẹyọ kan."

*

Wọ́n padà sí ààtàn. Àwọn òṣìṣẹ́ fi ọ̀pá irin gbé etí òkìtì náà sókè. Omi dúdú kan tú jáde, ó rùn débi pé Sájẹ́ǹtì fi bisikíìtì sápò fúnra rẹ̀. Ìsàlẹ̀ pátápátá, tí ẹrù gbogbo tẹ̀ mọ́lẹ̀, ni táyà mẹ́rin náà wà. Bátìrì méjì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, wọ́n ti fọ́.

"Èyí tó kẹ́yìn ló wà nísàlẹ̀," ni Sájẹ́ǹtì wí. "Báwo nìyẹn ṣe jẹ́?"

Ọkọ̀ mìíràn ń wọlé pẹ̀lú bíìnì tirẹ̀ lẹ́yìn. Yínmú gbé ọwọ́ sókè kí Sájẹ́ǹtì dákẹ́. Ọkọ̀ náà fi ìkọ́ há ìdí bíìnì, apá irin gùn sókè, bíìnì sì bẹ̀rẹ̀ sí í yí. Àwọn páálí tó wà lókè ló kọ́kọ́ dà sílẹ̀. Aṣọ àti pákó tẹ̀ lé e. Nígbà tó yá, ìdí bíìnì ń wo ojú ọ̀run. Àkísà tútù kan tó wà nísàlẹ̀ lẹ̀ mọ́ irin díẹ̀, lẹ́yìn náà ó já bọ́ sórí gbogbo yòókù.

"Nígbà tí ẹ wà lọ́mọdé," ni Yínmú wí, "ṣé ẹ ò rọ iyanrìn sínú korobá rí, kí ẹ wá dojú rẹ̀ délẹ̀?"

"Mo ṣe é. Ìyá mi sì nà mí nítorí korobá."

"Iyanrìn tí ẹ kọ́kọ́ rọ sí i, níbo ló máa ń wà bí ẹ bá gbé korobá kúrò?"

Sájẹ́ǹtì wo bíìnì, ó wo òkìtì. "Lókè," ló wí jẹ́jẹ́. "Kẹ́ẹ̀gì yẹn ló kọ́kọ́ wọlé."

"Mátírẹ́ẹ̀sì ló wà lábẹ́ rẹ̀. Mátírẹ́ẹ̀sì yìí sì ni tíṣà kọ́kọ́ jù sí i, ṣéènì ọkọ̀ ò tíì kúrò lára bíìnì. Kò sí àyè fún ará àdúgbò kankan láàárín. Kẹ́ẹ̀gì wà nínú bíìnì nígbà tí wọ́n gbé e dé."

"Awakọ̀ nìyẹn nígbà náà." Ojú Sájẹ́ǹtì yí padà. "Ọ̀gá mi, ọkọ obìnrin tó wà nílé ìwòsàn mà ni awakọ̀ yẹn."

"Mo mọ̀," ni Yínmú wí. "Ẹ wọ ọkọ̀."

*

Ilé-iṣẹ́ tó ń fi bíìnì háyà mọ́ ju ilé oúnjẹ lọ. Táìlì ń dán. Wọ́n ní kí àlejò bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà. Ọ̀gá ibẹ̀ wọ funfun láti òkè délẹ̀, lọ́fínńdà rẹ̀ sì ti dé ọ̀dọ̀ wọn kí òun alára tó dìde. Mọ́tótó ni àwọn òṣìṣẹ́ ń pè é, ó sì fẹ́ràn orúkọ náà.

"Ẹ wo ohun tí àwọn oníbàárà ń fojú wa rí," ló wí, ó na áńkáṣífù olóòórùn dídùn sí Yínmú. "Ẹ gbà, ẹ fi nu imú. Ẹ ti ibi burúkú bọ̀."

"Ẹ ṣeun. Mo fẹ́ máa gbọ́ òórùn." Kò gbà á. "Ó ṣeé ṣe kí ẹni tó háyà bíìnì yẹn tẹ́lẹ̀ ti gbàgbé kẹ́ẹ̀gì sínú rẹ̀?"

"Láéláé! Mi ò fi bíìnì ìdọ̀tí ránṣẹ́ sí ènìyàn. Awakọ̀ máa ń fi omi àti ọṣẹ fọ̀ ọ́, èmi alára sì máa ń wo inú rẹ̀ láràárọ̀ kó tó jáde. Mo ní àkàbà tí mo fi ń wò ó."

"Ẹ wo èyí tó lọ sọ́dọ̀ tíṣà?"

"Mo wò ó. Ó mọ́ bí abọ́." Ó ṣe bí ẹni tó ń ronú. "Àyàfi kí awakọ̀ ti fi nǹkan sí i lẹ́yìn ìgbà tí mo wò ó. Mi ò fẹ́ sọ bẹ́ẹ̀ o. Ènìyàn dáadáa ni, ìyàwó rẹ̀ ló sì wà nínú wàhálà yìí. Ṣùgbọ́n ẹ mọ ọmọ aráyé."

Yínmú mi orí. "Ẹ ti dé ààtàn rí, ọ̀gá?"

"Èmi?" Mọ́tótó fọwọ́ lé àyà. "Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́! Ẹsẹ̀ mi kò kan ibẹ̀ rí. Awakọ̀ ni mo máa ń rán lọ."

"Ẹ bá mi ro nǹkan kan. Mo fẹ́ kí àwọn ọmọ iṣẹ́ mi wá ohun tí wọ́n kọ́kọ́ jù sínú bíìnì yẹn. Níbo ni kí wọ́n wò nínú òkìtì?"

"Ìsàlẹ̀ ni, kò tún sí ibòmíràn. Kí wọ́n gbẹ́ ẹ kanlẹ̀. Ohun tó bá wà ní ìdí bíìnì, gbogbo ẹrù ló máa bò ó. Ta ló fẹ́ rí i mọ́?"

Sájẹ́ǹtì mí sínú. Yínmú jókòó láìjẹ́ pé wọ́n fi àga lọ̀ ọ́.

"Awakọ̀ yín máa ń da bíìnì lójoojúmọ́," ló wí. "Ó mọ̀ pé ìdí bíìnì ló ń di orí òkìtì. Ó tún mọ ẹni tó ń gun òkìtì náà, torí ìyàwó rẹ̀ ni. Bó bá fẹ́ fi nǹkan pamọ́, kò ní fi í sí ìdí bíìnì láéláé. Ẹni tó fi kẹ́ẹ̀gì yẹn síbẹ̀ gbà gbọ́ pé ohun tó bá wà nísàlẹ̀, ìsàlẹ̀ ló máa wà títí. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ń fi bíìnì háyà, ṣùgbọ́n kò tíì wò ó rí níbi tí wọ́n ti ń dà á."

"Ẹ ṣọ́ ẹnu yín, màdáámù."

"Níta yìí, gbogbo koríko tútù yọ̀yọ̀. Àfi èyí tó wà lẹ́bàá ògiri ọ́fíìsì yín. Ó jóná bí ẹni fi ayọ́n lọ̀ ọ́. Kí lẹ fi pa á?"

Mọ́tótó dìde. Ó tún jókòó. "Ẹ jẹ́ kí n pe lọ́yà mi."

Yínmú gbé fóònù sórí tábìlì, ó pe dókítà, ó sì ṣí i kí gbogbo yàrá lè gbọ́. "Dókítà, báwo ló ṣe ń ṣe?"

"Kò dáa. Àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ ti ń dúdú. Ẹ ti rí orúkọ yẹn?"

"Ó wà nínú yàrá tí mo wà. Ó ń dúró de lọ́yà."

Ilẹ̀kùn ṣí. Ọkùnrin kan tó wọ aṣọ iṣẹ́ dúró síbẹ̀, ó mú kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́. Awakọ̀ ni. Ó wá fi ọkọ̀ sílẹ̀ kó lè padà sílé ìwòsàn. Ó gbọ́ ohùn dókítà, ó wo ojú àwọn ọlọ́pàá, ó sì kúnlẹ̀ lórí táìlì níwájú ọ̀gá rẹ̀. Kò tíì yé e rárá.

"Ọ̀gá, ẹ̀yin náà ti rí i láàárọ̀. Ẹ jókòó tì í. Ẹ fi òwú tọ́ omi sí i létè, ẹ ní kó fara dà á. Ẹ rí bó ṣe ń jà láti mí. Bí ẹ bá mọ ẹni tó mọ ohun tó wà nínú kẹ́ẹ̀gì yẹn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bẹ̀ ẹ́ kó sọ ọ́."

Yínmú yíjú sí Mọ́tótó. "Ẹ lọ síbẹ̀? Ẹ jókòó níbẹ̀, dókítà ń bi gbogbo yàrá pé kí ni, ẹ sì ń tọ́ omi sí i lẹ́nu?"

Láti ìgbà tó ti dé ààtàn, nǹkan kò tíì rí i lára báyìí. Ìdin kò mọ ohun tó ń ṣe, ọkùnrin yìí mọ̀. Ó di etí tábìlì mú.

"Wọ́n ti fòfin de oògùn náà," ni Mọ́tótó wí nígbà tó yá. Táìlì ló ń wò. "Àwọn aláyẹ̀wò ń bọ̀ wá wo ọgbà. Bí wọ́n bá bá a lọ́wọ́ mi, wọ́n máa gba ìwé àṣẹ mi. Ibi tí wọ́n ti ń gba májèlé wà, wọ́n á béèrè orúkọ mi níbẹ̀. Mo rò pé á kàn bá ẹrù lọ ni." Lẹ́yìn náà ló dárúkọ oògùn apakoríko náà, orúkọ kúkúrú kan.

"Ẹ yọ afẹ́fẹ́ yẹn!" ni dókítà pariwo nínú fóònù. Wọ́n gbọ́ ẹsẹ̀ tó ń sáré, wọ́n gbọ́ irin tó ṣubú. Fóònù sì kú.

Awakọ̀ ṣì wà lórí eékún. Ó ń wo ọ̀gá rẹ̀ bí ẹni tó ń wo ilé tó ń wó. Sájẹ́ǹtì ló fà á dìde.

*

Dókítà kò ṣèlérí kankan. Ó ní àwọn ti bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú tó yẹ, pé bí ẹ̀dọ̀fóró bá lè rí ọ̀sẹ̀ yìí kọjá, ìrètí wà. Ó ní ká ní àárọ̀ ni wọ́n ti sọ ọ́ ni. Kò parí ọ̀rọ̀ náà.

Obìnrin náà la ojú nígbà tí ọkọ rẹ̀ jókòó tì í. Nǹkan ti bó o lẹ́nu, ètè rẹ̀ wú. Awakọ̀ sọ gbogbo rẹ̀ fún un, kò fi nǹkan kan pamọ́, pé ẹni tó fi òwú tọ́ omi sí i létè láàárọ̀ ló ni kẹ́ẹ̀gì náà. Yínmú dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn, kò fẹ́ wọlé, kò sì lè lọ.

 Obìnrin náà gbé ọwọ́, ó fi kan ẹnu.

Ọkọ rẹ̀ gbé ife. "Omi lo fẹ́?"

Ó mi orí pé rárá. Ohùn rẹ̀ kò ju èémí lọ. "Bá mi nu ètè mi."

Ó mú aṣọ tó mọ́, ó nù ún jẹ́jẹ́, torí pé ó ń dùn ún.

"Tún un nù," ló wí.